Alẹ́ wo ni kí a fi kòtò ojú òṣùpá han àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́?

Olùkọ́ Físíìsì, Ògbómọ̀ṣọ́

Mo kí gbogbo ilé o. Olùkọ́ físíìsì ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Láìpẹ́ yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé-ẹ̀kọ́ wa fi tẹlisíkóòpù kan ta wá lọ́rẹ: ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 70, wọ́n kọ 700 mm sí ara rẹ̀, ìyẹn bí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń pàdé ṣe jìn sí awò ẹnu rẹ̀, awò kékeré méjì tí a ń gbé ojú lé ni ó sì bá a wá, ọ̀kan jẹ́ 20 mm, èkejì jẹ́ 10 mm. Dígí kékeré kan tún wà ní ìdí rẹ̀ tí ó ń yí ìmọ́lẹ̀ sókè, kí ènìyàn má baà ní láti dọ̀bálẹ̀ kí ó tó lè wo ohun tí ó wà lókè.

Ohun tí mo fẹ́ ni kí a pe àwọn ọmọ náà àti àwọn òbí wọn jọ sí pápá ilé-ẹ̀kọ́ ní alẹ́ ọjọ́ kan, kí olúkúlùkù fi ojú ara rẹ̀ rí kòtò, òkè àti pẹ̀tẹ́lẹ̀ ojú òṣùpá tí wọ́n ti ń kà nípa wọn nínú ìwé. Àwọn òbí dá a lábàá pé kí a fi í sí alẹ́ òṣùpá àrànmọ́jú, nítorí pé ìgbà náà ni ìmọ́lẹ̀ pọ̀ jù, tí ọ̀nà ilé á sì mọ́ fún àwọn ọmọdé. Àbá náà bọ́gbọ́n mu. Àmọ́ nígbà tí mo gbé tẹlisíkóòpù náà síta ní àrànmọ́jú tí ó kọjá, ìmọ́lẹ̀ funfun tí ń gún ojú ni mo rí, pẹ̀lú àwọn ilẹ̀ dúdú tí ó tẹ́ rẹrẹ, àti ibì kan ní apá gúúsù tí ó ń tàn yanran, tí àwọn ìlà funfun sì tú jáde láti ara rẹ̀. Kòtò tí mo lè nàka sí kí n sì sọ fún ọmọdé pé "wo etí rẹ̀, wo ìsàlẹ̀ rẹ̀" ṣọ̀wọ́n gan-an.

Ìbéèrè mi ni pé, ṣé alẹ́ mìíràn wà tí ó sàn jù, kí sì ni kí n kọ́kọ́ fi hàn wọ́n? Lẹ́yìn èyí, máàpù òṣùpá tí mo tẹ̀ jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì kò bá ohun tí mo ń rí mu, bí mo tilẹ̀ yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Mo tún fẹ́ kí ẹ bá mi múra sílẹ̀ de ìbéèrè méjì tí ó dá mi lójú pé àwọn ọmọ á bi mí: kí ni ó gbẹ́ àwọn kòtò náà, àti pé ṣé a lè rí àsíá tí àwọn ará Amẹ́ríkà rì mọ́lẹ̀ níbẹ̀?

Awòràwọ̀ Ọ̀yọ́

Ẹ kú iṣẹ́ ribiribi, olùkọ́. Inú mi dùn sí ohun tí ẹ ń gbèrò yìí, mo sì bẹ̀ yín, ẹ má ṣe mú alẹ́ àrànmọ́jú. Òjìji ni ó ń fi kòtò hàn. Ní àrànmọ́jú, apá ibi tí àwa ti ń wo òṣùpá ni ìmọ́lẹ̀ oòrùn náà ti ń bọ́ lù ú, nítorí náà òjìji òkè kọ̀ọ̀kan sá sẹ́yìn òkè náà gan-an, níbi tí ojú wa kò lè dé. Ohun gbogbo mọ́lẹ̀ lọ́gbọọgba, kò sì sí ohun tí ojú yóò fi mọ ìyàtọ̀ láàárín òkè àti àfonífojì.

Ibi tí ẹ máa dojú awò kọ ni ààlà tí ìmọ́lẹ̀ ti pàdé òkùnkùn lára òṣùpá. Lórí ààlà yẹn, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ sí ilẹ̀ ibẹ̀ ni, kò tíì gòkè rárá, òjìji sì gùn gbọọrọ. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí òkè kan bá ga ní kìlómítà 2, tí oòrùn sì ti gòkè dé dígírì 45 níbẹ̀, òjìji kìlómítà 2 péré ni yóò ní. Bí oòrùn bá wà ní dígírì 10, òjìji òkè kan náà yóò lé ní kìlómítà 11. Bí ó bá wà ní dígírì 5, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 23. Tẹlisíkóòpù tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 70 lè fi ohun tí ó tó nǹkan bí kìlómítà 3 hàn lójú òṣùpá bí afẹ́fẹ́ bá parọ́rọ́, nítorí náà òjìji kìlómítà 11 kò lè pamọ́ fún ọmọdé, bẹ́ẹ̀ sì ni òkè tí ó ni òjìji ọ̀hún lè di àwátì pátápátá ní àrànmọ́jú.

Alẹ́ tí èmi yóò mú ni alẹ́ kan lẹ́yìn ìlàjì òṣùpá àkọ́kọ́, nígbà tí òṣùpá bá tó ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án. Ẹ kò ní láti wá ohun tí ẹ máa fi mọ̀ ọ́n lọ síbi jìnnà, nítorí pé àwọn Mùsùlùmí àdúgbò yín ń ka ọjọ́ láti ìgbà tí oṣù bá ti lé: nǹkan bí ọjọ́ keje sí ìkẹsàn-án oṣù wọn ni òṣùpá máa ń wà ní ìlàjì tàbí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá rẹ̀, ọjọ́ 13, 14 àti 15 tí ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń gba ààwẹ̀ sì ni ti àrànmọ́jú. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ ọjọ́ tí oṣù lé ti mọ ohun tí ó máa rí kí ó tó gbé awò jáde.

Ní alẹ́ yẹn, àárín ilẹ̀ tí kòtò pọ̀ sí jù ni ààlà ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá. Ní gúúsù ni kòtò Clavius wà, tí fífẹ̀ rẹ̀ lé ní kìlómítà 220, tí àwọn kòtò kéékèèké sì tò sínú rẹ̀ ní ìlà tí ó tẹ̀ kọ́rọ́, tí ọ̀kan ń kéré ju èkejì lọ. Ní àríwá rẹ̀ díẹ̀ ni kòtò Tycho wà. Òun ni ibi tí ìlà funfun tí ẹ rí yẹn ti tú jáde. Ó fẹ̀ ní nǹkan bí kìlómítà 85, ó sì jìn ju kìlómítà 4 lọ. Ní agbede-méjì òṣùpá, Ptolemaeus, Alphonsus àti Arzachel tò tẹ̀lé ara wọn láti àríwá sí gúúsù, èyí tí ó wà ní àríwá sì ni ó tóbi jù. Ní àríwá, ẹ óò rí kòtò Plato tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú tí ó sì dúdú, àti àwọn òkè Apennine tí wọ́n nà tó nǹkan bí kìlómítà 600 ní etí ilẹ̀ dúdú tí wọ́n ń pè ní Mare Imbrium. Àwọn òkè wọ̀nyí nìkan tó láti mú kí òbí tí ó ti fẹ́ máa lọ sílé dúró.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn ni Copernicus. Kìlómítà 93 ni fífẹ̀ rẹ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí pé bí etí rẹ̀ kan bá wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, etí kejì á dé Ìbàdàn, Ọ̀yọ́ á sì wà nínú kòtò. Ọjọ́ kẹsàn-án ni oòrùn máa ń yọ sí i. Bí ẹ bá bá a pàdé ní àkókò tí ó yẹ, etí rẹ̀ nìkan ni yóò ti mọ́ yípo, tí inú rẹ̀ á ṣì ṣókùnkùn biribiri. Bí wákàtí ti ń gorí wákàtí, ìmọ́lẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri rẹ̀ tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn, ó ń fi ibi tí ilẹ̀ ti ya wálẹ̀ ní ìpele-ìpele hàn. Lẹ́yìn náà ni góńgó àwọn òkè tí ó wà láàárín rẹ̀ á yọ orí nínú òkùnkùn, wọ́n á máa tàn, tí ilẹ̀ tí ó yí wọn ká kò sì tíì rí oòrùn. Ààlà ìmọ́lẹ̀ náà ń rìn ní nǹkan bí kìlómítà 15 ní wákàtí kan ní agbede-méjì òṣùpá, nítorí náà ọmọ tí ó wo kòtò kan ní agogo méje alẹ́ tí ó sì tún un wò ní agogo mẹ́sàn-án yóò rí ìyàtọ̀ bí ó bá ti fi pẹ́ńsùlù ya ohun tí ó kọ́kọ́ rí.

Ní ti ìmọ́lẹ̀ ọ̀nà ilé tí àwọn òbí ń rò, òṣùpá alẹ́ náà kò ní wọ̀ títí agogo méjìlá òru yóò fi kọjá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ṣá o, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ òṣùpá ìlàjì kò tó ìlàjì ti àrànmọ́jú rárá. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ni. Ọ̀kan lára ohun tí ó fà á ni àwọn òjìji kan náà tí a fẹ́ lọ wò, tí wọ́n bo ilẹ̀ púpọ̀ ní ibi tí a rò pé ó mọ́lẹ̀.

Bí àwọn òbí kò bá sì gbà, tí ó di dandan kí ó jẹ́ àrànmọ́jú, ẹ fi ìlà funfun ara Tycho hàn wọ́n, nítorí àkókò yẹn ni wọ́n máa ń hàn jù. Àwọn mìíràn nínú wọn nà ju kìlómítà 1,000 lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ìlérí kòtò fún ẹnikẹ́ni lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ọmọ Akẹ̀sán

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ àgbà. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé ibi tí ẹ bá gbé awò kalẹ̀ sí lè ba gbogbo ètò jẹ́. Ẹ má gbé e sí orí sìmẹ́ǹtì, ẹ má sì jẹ́ kí ó máa wò gba orí òrùlé páànù kọjá, torí pé páànù àti sìmẹ́ǹtì ń tú ooru ọ̀sán jáde di alẹ́, ooru náà á sì mú kí etí kòtò máa gbọ̀n yẹ́rẹ́yẹ́rẹ́ nínú awò. Àárín pápá tí koríko wà ni kí ẹ lò, kí ẹ sì gbé tẹlisíkóòpù síta ní nǹkan bí ìdajì wákàtí ṣáájú kí ara rẹ̀ tó tutù. Iná àdúgbò kò lè dí yín lọ́wọ́, yálà iná wà tàbí wọ́n mú un lọ, nítorí pé òṣùpá mọ́lẹ̀ ju kí gílóòbù òpópónà pa á lára.

Ní àkókò ọyẹ́, ẹ má bẹ̀rù eruku ojú ọ̀run jù. Ó máa ń mú kí òṣùpá pọ́n díẹ̀, ó sì ń bo ìràwọ̀ mọ́lẹ̀, síbẹ̀ mo ti rí alẹ́ ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́ tí kòtò sì hàn ketekete ju alẹ́ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lọ. Eruku tí ó bà lé ojú awò ni kí ẹ ṣọ́ra fún: ẹ fẹ́ ẹ kúrò, ẹ má fi aṣọ gbígbẹ nù ún, kí yanrìn inú rẹ̀ má baà ha dígí.

Èmi fúnra mi fẹ́ràn òṣùpá ìdájí, èyí tí ó ti ń fá lọ lẹ́yìn àrànmọ́jú. Ilẹ̀ ti tutù nígbà náà, àwòrán kì í gbọ̀n púpọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH

Ẹ kú alẹ́, sà. Ọ̀rọ̀ máàpù yín ni mo fẹ́ dáhùn, nítorí pé nǹkan méjì ni ó dà pọ̀ níbẹ̀, bí a kò bá sì yà wọ́n sọ́tọ̀, yíyí máàpù kò ní parí.

Èkíní ni ibi tí a ń gbé. Ọ̀pọ̀ máàpù òṣùpá ni wọ́n ya kí àríwá rẹ̀ wà lókè, bí òṣùpá ṣe máa ń rí lójú ẹni tí ó wà ní Yúróòpù nígbà tí ó bá dojú kọ gúúsù. Àwa kò jìnnà sí agbede-méjì ayé. Nǹkan bí dígírì 8 sí àríwá ni Ògbómọ̀ṣọ́ wà, nítorí náà òṣùpá ń gba àtàrí wa tàbí ìtòsí rẹ̀ kọjá, ó ń yọ gòkè tààrà ní ìlà-oòrùn, ó sì ń wọ̀ tààrà ní ìwọ̀-oòrùn. Ìdí nìyí tí oṣù tuntun tiwa fi máa ń sùn gbalaja tí ìwo rẹ̀ méjèèjì sì kọjú sókè. Bí a bá dojú kọ ìwọ̀-oòrùn ní alẹ́, àríwá wà ní ọwọ́ ọ̀tún wa, àríwá òṣùpá náà sì wà ní ọ̀tún. Ẹ di máàpù mú kí orí rẹ̀ wà ní ọwọ́ ọ̀tún, kí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀. Ilẹ̀ dúdú roboto tí ó dá dúró létí òṣùpá, èyí tí wọ́n ń pè ní Mare Crisium, á wá wà ní apá ìsàlẹ̀ ní ibi tí ẹ ti ń rí i. Bí ó bá jẹ́ pé òṣùpá ń yọ ní ìlà-oòrùn ni ẹ ń wò, òdìkejì ni: orí máàpù á wà ní ọwọ́ òsì, Mare Crisium á sì wà lókè. Ẹ fi awò olójú méjì dán èyí wò, nítorí pé kì í yí àwòrán padà. Ẹ óò rí i pé ó bára mu.

Èkejì ni dígí kékeré ìdí tẹlisíkóòpù yín. Dígí yẹn ń gbé ọ̀tún lọ sí òsì bí dígí ìwojú ṣe ń ṣe, kò sì sí bí ènìyàn ṣe lè yí bébà máàpù tí yóò fi bá irú àwòrán bẹ́ẹ̀ mu. Àfi kí ẹ lo máàpù tí wọ́n ti yí ọ̀tún rẹ̀ pa dà sí òsì. Ètò kọ̀ǹpútà kan wà tí ń jẹ́ Virtual Moon Atlas, ọ̀fẹ́ ni, ó sì lè yí máàpù náà padà lọ́nà tí ó bá tẹlisíkóòpù yín mu kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Bí èyí kò bá rọrùn, ẹ ya fọ́tò máàpù tí ẹ ní, kí ẹ fi fóònù yín yí ọ̀tún rẹ̀ sí òsì. Ó tó fún iṣẹ́ alẹ́ kan.

Ohun kan tún kù tí ó jẹ mọ́ ibí yìí, sà. Ní alẹ́ tí àgbà mú yẹn, àtàrí gan-an ni òṣùpá máa wà láàárín agogo méje sí mẹ́jọ. Ìdí tẹlisíkóòpù máa ń kọlu ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ bí a bá nà án sókè tààrà. Bí ẹ bá lè dúró di agogo mẹ́sàn-án, tí òṣùpá á ti tẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn, iṣẹ́ á rọrùn fún yín, ọrùn kò sì ní dun ẹnikẹ́ni.

Olùkọ́bìnrin Jógíráfì, Àwẹ́

Olùkọ́, ẹ kú ìmúrasílẹ̀. Lórí ohun tí ó gbẹ́ kòtò náà, ẹ jẹ́ kí n ràn yín lọ́wọ́, torí pé mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ní jógíráfì, mo sì mọ̀ pé òkè ayọnáyèéfín ni wọ́n á kọ́kọ́ dárúkọ. Wọn kò jẹ̀bi. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni ó gbà bẹ́ẹ̀ títí di inú ọ̀rúndún ogún. Òkúta ojú òfurufú ni ó gbẹ́ èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú wọn. Irú òkúta bẹ́ẹ̀ máa ń já lu òṣùpá ní nǹkan bí ogún kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, agbára tí ó bá a wá á sì bú gbàù lẹ́ẹ̀kan náà, á fọ́n ilẹ̀ káàkiri, á sì gbẹ́ ihò tí ó fẹ̀ ju òkúta náà lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí pé bíbú náà ni ó ń gbẹ́ ihò, kòtò máa ń rí roboto bí òkúta náà tilẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wá. Ọmọ tí ó bá ní làákàyè á béèrè èyí lọ́wọ́ yín, ẹ múra.

Àwọn kòtò kékeré lójú òṣùpá rí bí abọ́ lásán. Bí fífẹ̀ wọn bá ti kọjá nǹkan bí kìlómítà 20, ìsàlẹ̀ tí òkúta náà tẹ̀ wọlẹ̀ máa ń ta padà sókè, òkè á sì yọ láàárín kòtò, ògiri rẹ̀ á máa ya wálẹ̀. Òkè àárín Copernicus àti ti Tycho tí Awòràwọ̀ Ọ̀yọ́ sọ kò wá láti ibòmíràn.

Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ rò pé òṣùpá nìkan ni irú nǹkan yìí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní ìtòsí Kúmásì ní orílẹ̀-èdè Gánà, adágún omi Bosumtwi wà nínú kòtò tí òkúta òfurufú gbẹ́ ní ohun tí ó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù ọdún kan sẹ́yìn. Kòtò náà fẹ̀ ní nǹkan bí kìlómítà 10 àti ààbọ̀. Bóyá òbí àgbà àwọn kan nínú àwọn ọmọ yín tilẹ̀ mọ ibẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó ṣòwò ní Gánà kí ìjọba ibẹ̀ tó ní kí àwọn àlejò máa lọ ní ọdún 1969. Ayé náà ti jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n òjò, odò, ẹ̀fúùfù àti ìṣípòpadà ilẹ̀ ti pa ojú ọgbẹ́ náà dé. Òṣùpá kò ní afẹ́fẹ́ tí ó nípọn, kò sí òjò níbẹ̀, nítorí náà kòtò tí ó ti wà láti bílíọ̀nù ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ṣì ń bẹ.

Bí ẹ bá ní àkókò, ẹ ní kí wọ́n fi ilẹ̀ funfun apá gúúsù wé ilẹ̀ dúdú apá àríwá, kí wọ́n sì sọ èyí tí kòtò pọ̀ sí jù. Ilẹ̀ dúdú náà ni wọ́n ń pè ní òkun láti ayé àtijọ́, ṣùgbọ́n kò sí omi kankan níbẹ̀: òkúta yíyọ́ ni ó ṣàn láti inú òṣùpá wá ní ohun tí ó lé ní bílíọ̀nù ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, tí ó bo àwọn kòtò àtijọ́ mọ́lẹ̀, tí ó sì dì. Ilẹ̀ tí kòtò rẹ̀ kò pọ̀ ni ó kéré lọ́jọ́ orí. Èmi ka èyí sí ohun tí ó ṣe pàtàkì jù tí ọmọ lè mú kúrò níbẹ̀, nítorí pé kíkà kòtò ni àwọn onímọ̀ fi ń mọ ilẹ̀ tí ó dàgbà ju èkejì lọ lórí òṣùpá, òkúta tí wọ́n kó bọ̀ láti ibẹ̀ láàárín 1969 sí 1972 sì ni wọ́n fi mọ iye ọdún rẹ̀.

Olùkọ́ Físíìsì, Ògbómọ̀ṣọ́

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti fi máàpù tí mo yí ọ̀tún rẹ̀ sí òsì wo òṣùpá, ó sì bára mu. Mo rí Plato, mo sì rí àwọn kòtò mẹ́ta tí ó tò tẹ̀lé ara wọn. Àwọn òbí ti gbà pé kí a mú alẹ́ kan lẹ́yìn ìlàjì. Ó ku ohun tí mo fẹ́ bi Awòràwọ̀ Ọ̀yọ́. Àwọn ọmọ tí a ń retí tó ọgọ́ta, tẹlisíkóòpù sì jẹ́ ẹyọ kan: èwo nínú awò kékeré méjèèjì ni kí n lò, báwo sì ni kí n ṣe tò wọ́n? Ẹ kò sì tíì sọ̀rọ̀ lórí àsíá.

Awòràwọ̀ Ọ̀yọ́

Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́. Awò 20 mm ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá pín 700 sí 20, ẹ óò rí 35, ìyẹn ni pé òṣùpá á tóbi ní ìlọ́po 35, gbogbo rẹ̀ á sì wọ inú awò lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọmọ á fi mọ ibi tí ó wà. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn wò ó bẹ́ẹ̀ tán kí ẹ tó fi 10 mm sí i, èyí tí ó jẹ́ ìlọ́po 70. Àwọn tí wọ́n ń ta awò máa ń fi ìlọ́po ńláńlá polówó ọjà, ṣùgbọ́n fún awò tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 70, bí a bá ti kọjá nǹkan bí ìlọ́po 140, ńṣe ni àwòrán á kàn máa ṣú sí i.

Ayé ń yí, nítorí náà òṣùpá ń sún kúrò lójú awò: ìṣẹ́jú méjì péré ni ó fi ń rìn ní ìwọ̀n fífẹ̀ ara rẹ̀ lójú ọ̀run. Kí ẹnì kan dúró ti tẹlisíkóòpù, kí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa dá a padà lẹ́yìn ọmọ méjì-méjì. Àwọn tí wọ́n ń dúró de àyè lè máa fi awò olójú méjì wo àwọn ilẹ̀ dúdú, awò 10x50 (ìlọ́po 10, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 50) tó fún èyí, tàbí kí wọ́n máa ya ohun tí wọ́n ti rí. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ fi fóònù yà á, kí ó gbé ojú kámẹ́rà lé awò kékeré náà, kí ó fi ìka kan òṣùpá lójú fóònù, kí ó sì fa ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ títí etí kòtò yóò fi hàn.

Ní alẹ́ náà, ẹ má gbàgbé Rupes Recta nínú Mare Nubium, apá gúúsù. Ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó nà tó nǹkan bí kìlómítà 110 ni, ibi tí ilẹ̀ kan ti rì ju èkejì lọ. Ó jọ ògiri tí ó dúró gangan, ṣùgbọ́n òjìji ni ó sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ó lọ sílẹ̀. Bí Ọmọ Akẹ̀sán bá wo ibi kan náà ní ìdájí, nígbà tí òṣùpá bá ti fá dé ìlàjì kejì, ìlà funfun ni yóò bá níbẹ̀, nítorí oòrùn á ti máa tàn sí i láti òdìkejì.

Ní ti àsíá, kò sí tẹlisíkóòpù kankan lórí ilẹ̀ ayé tí ó lè fi í hàn. Ohun tí ó tóbi jù tí Apollo 11, ìrìn-àjò tí ó kọ́kọ́ gbé ènìyàn dé orí òṣùpá, fi sílẹ̀ kò fẹ̀ tó mítà 10, bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tí tẹlisíkóòpù yín lè fi hàn gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí kìlómítà mẹ́ta. Ọkọ̀ òfurufú LRO, tí ó ti ń yí òṣùpá po láti ọdún 2009, ni ó ya fọ́tò àwọn nǹkan wọ̀nyí láti ìtòsí, àwòrán rẹ̀ sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tí ó bá fẹ́. Ẹ fi Mare Tranquillitatis hàn wọ́n, ibi tí Armstrong àti Aldrin sọ̀kalẹ̀ sí ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 1969, kí ẹ sì tún fi ẹsẹ̀ òkè Apennine hàn wọ́n, ibi tí Apollo 15 balẹ̀ sí ní 1971. Ilẹ̀ ibẹ̀ á hàn kedere.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ tẹnu mọ́ ju gbogbo èyí lọ. Ìmọ́lẹ̀ òṣùpá kò lè fọ́ ojú ẹnikẹ́ni, bí ó ti wù kí ó gún ojú tó. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ẹ mú yìí, òṣùpá á ti yọ láti ọ̀sán, àwọn ọmọ á sì fẹ́ máa wò ó kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ má ṣe yọ ìdérí ẹnu tẹlisíkóòpù náà títí oòrùn yóò fi wọ̀ tán, ẹ má sì fi ọmọ kankan sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ní ọ̀sán, torí pé bí ó bá kọjú sí oòrùn bí ó tilẹ̀ jẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ó lè fọ́ ojú ẹni tí ń wò ó.